Kókó tí kì í dunni: Ìdí tí kò fi yẹ kí ará Kpoulou pẹ́ nílé kó tó wá ìtọ́jú lọ sí Pobè

Bí kókó bá yọ lára ọmọ, tó sì ń dùn ún, ọmọ á sunkún, ìyá rẹ̀ á sì gbé e lọ síbi ìtọ́jú. Àmọ́ àìsàn kan wà ní ìgbèríko wa tí kì í jẹ́ kí ọmọ sunkún. Kókó kékeré ni yóò kọ́kọ́ yọ lábẹ́ awọ. Kì í dunni, ara ọmọ kì í sì í gbóná. Ọmọ á máa ṣeré rẹ̀ lọ, ìyá á máa ná ọjà, bàbá á máa roko. Ìgbà tí wọn yóò bá fi fura, kókó ti bẹ́, ó ti di egbò, egbò náà sì ti ń jẹ ẹran ara lọ lábẹ́ awọ tí wọ́n rò pé ó ṣì dára.

Egbò Buruli ni orúkọ àìsàn náà. Ilé ìwòsàn kan tí wọ́n dìídì dá sílẹ̀ nítorí rẹ̀ wà ní Pobè, ìlú tó múlé ti Adja-Ouèrè. Ibẹ̀ ni àwọn ará ìgbèríko tó yí i ká ń gbé aláìsàn wọn lọ, títí kan àwọn ará Nàìjíríà tó ń sọdá ààlà.

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí. Oògùn àìsàn yìí wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí aláìsàn bá dé ibi ìtọ́jú ló ń pinnu bóyá oògùn nìkan ni yóò lò, tàbí ọ̀bẹ yóò kan ara rẹ̀, tàbí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní nà mọ́ títí ayé.

Ilẹ̀ tó jìn, ọ̀nà tó nira

Kpoulou jẹ́ ọ̀kan nínú àrọ́ńdísímà mẹ́fà tó wà lábẹ́ kọmúùnù Adja-Ouèrè, ní ẹ̀ka Plateau, lórílẹ̀-èdè Benin. Àwọn márùn-ún yòókù ni Adja-Ouèrè fúnra rẹ̀, Ikpinlè, Massè, Oko-Akarè àti Totonnoukon. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni gbogbo agbègbè náà. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀. Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí nípa ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, àwọn tó ń ta epo kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn bí ilẹ̀ náà ti dára tó.

Ilẹ̀ tó dára fún ọ̀gbìn yìí náà ló ń mú ìrìn nira. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìgbèríko Pobè àti Adja-Ouèrè, pàápàá níbi tí àwọn Ọ̀họ̀rí tí àwọn Faransé ń pè ní Holli ń gbé, amọ̀ dúdú ni ilẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ náà á mumi yó, á sì lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àti táyà. Ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní zémidjan níbẹ̀, á bù lé owó tàbí kó kọ̀ láti lọ. Ẹni tó ní kókó tí kò dùn ún, kí ni yóò tìtorí ẹ̀ san owó yẹn?

Ètò ìlera orílẹ̀-èdè Benin dà bí àkàbà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ibi ìtọ́jú abúlé àti ilé ìwòsàn kékeré ti àrọ́ńdísímà wà, níbi tí nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ti ń ṣiṣẹ́. Lókè rẹ̀ ni ilé ìwòsàn kọmúùnù, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ẹkùn ìlera, lẹ́yìn ìyẹn ni ti ẹ̀ka, kó tó wá kan ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Kùtọnù. Ẹkùn ìlera 34 ló wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Pobè, Adja-Ouèrè àti Kétu ni wọ́n jọ para pọ̀ jẹ́ ẹkùn kan, Pobè sì ni ilé ìwòsàn ẹkùn náà wà. Èyí ló fi jẹ́ pé bí àìsàn bá le ju agbára ilé ìwòsàn kékeré lọ, Pobè ni ojú gbogbo wọn máa ń wò.

Kí ni egbò Buruli?

Kòkòrò tí a kò lè fi ojú lásán rí ló ń fà á. Ìbátan kòkòrò tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ àti èyí tó ń fa ẹ̀tẹ̀ ni. Ní 1897, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Albert Cook, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Mengo ní Kampala, ṣàkọsílẹ̀ irú egbò bẹ́ẹ̀. Ní 1948 ni àwọn dókítà ní Ọsirélíà kọ́kọ́ ṣàlàyé kòkòrò náà, lẹ́yìn tí wọ́n rí i lára àwọn aláìsàn ní agbègbè Bairnsdale. Orúkọ Buruli wá láti agbègbè kan lẹ́bàá odò Náílì ní Uganda, níbi tí àìsàn náà ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn fínra ní àwọn ọdún 1960.

Ìdí tí kókó náà kì í fi í dunni ni pé kòkòrò yìí ń tú májèlé kan sínú ara, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mycolactone. Májèlé náà ń ṣe ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń pa ẹran ara, ó ń pa ìmọ̀lára tí ì bá jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan ń dunni, ó sì ń lé àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí ì bá gbèjà ara sẹ́yìn. Olè tó kọ́kọ́ pa ajá kó tó wọ ilé ni.

Ọ̀nà mẹ́rin ló máa ń gbà yọjú. Ó lè jẹ́ kókó kékeré tó ṣeé tì síwá sẹ́yìn lábẹ́ awọ. Ó lè jẹ́ ojú ibì kan tó le, tó sì fẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó lè jẹ́ kí apá tàbí ẹsẹ̀ wú, èyí sì ni ó máa ń yára bàjẹ́ jù. Ẹ̀kẹrin ni egbò fúnra rẹ̀. Egbò náà máa ń ní ètí tí awọ rẹ̀ ti ṣófo nísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ihò rẹ̀ bá kéré lójú, inú rẹ̀ lè tóbi ju bí a ti rò lọ. Ẹsẹ̀ àti apá ló máa ń sábà mú. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń mú ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15.

Báwo ló ṣe ń wọ ara? Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí èyí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tí gbogbo wọn gbà ni pé ó fẹ́ràn ibi tí omi wà, pàápàá omi tó dúró sójú kan àti odò tí kì í sáré, bí irú èyí tó wà káàkiri àfonífojì odò Ouémé. Ní Ìbàdàn, àwọn dókítà Yunifásítì kọ ìwé jáde ní 1976 nípa àwọn tí àìsàn náà mú, tó jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn ń gbé nínú ọgbà yunifásítì, lẹ́yìn tí wọ́n ti dí odò kékeré kan láti fi ṣe adágún omi. Ní Ọsirélíà, ìwádìí tó jáde ní 2024 fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé e lọ sára èèyàn níbẹ̀.

Ohun kan tún dájú, ó sì yẹ ká sọ ọ́ ketekete: àìsàn yìí kì í ràn láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn bí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ń ṣe. Ẹ lè bá ẹni tó ní in jẹun, ẹ lè sùn nínú yàrá kan náà, ẹ lè ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìdí kankan láti lé e sẹ́yìn ilé.

Ilé ìwòsàn Pobè

Orílẹ̀-èdè Benin ní ibùdó mẹ́rin pàtàkì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún egbò Buruli. Wọ́n wà ní Allada, Lalo, Zagnanado àti Pobè. Ti Pobè ti ń ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí 2003, àjọ Raoul Follereau ti ilẹ̀ Faransé sì ń ràn án lọ́wọ́. Follereau, tó kú ní 1977, ni ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ jà fún àwọn adẹ́tẹ̀, tó sì dá ọjọ́ àwọn adẹ́tẹ̀ lágbàáyé sílẹ̀ ní 1954.

Kí ìlú ńlá tó gbọ́ nípa egbò yìí, iṣẹ́ abẹ nìkan ni ìtọ́jú rẹ̀. Dókítà á gé gbogbo ibi tó ti bàjẹ́, á tún gé lára ibi tó dára tó yí i ká, nítorí pé kò mọ ibi tí kòkòrò dé. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò bó awọ láti itan, wọn yóò sì fi bo ojú ibẹ̀. Aláìsàn lè lo oṣù mélòó kan lórí ibùsùn. Ẹni tó bá gbọ́ irú èyí ní abúlé, ó lè máa sá fún ilé ìwòsàn títí egbò yóò fi gba gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àyípadà dé nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí wọ́n dán oògùn apakòkòrò méjì wò: rifampicin, tí wọ́n ti ń fún àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti abẹ́rẹ́ streptomycin. Ojoojúmọ́ ni aláìsàn yóò máa lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọjọ́ 56 gbáko, níṣojú òṣìṣẹ́ ìlera. Pobè wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe èyí lọ́nà tó gbòòrò, kì í ṣe ní Paris tàbí London.

Ìṣirò tó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀

Ní 2007, àwọn dókítà Pobè, tí Annick Chauty jẹ́ aṣáájú wọn, gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Aláìsàn 224 ló bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Àwọn 215 nínú wọn ló yege, ìyẹn 96 nínú 100. Ẹnìkan kú, àwọn 8 sì fi ìtọ́jú sílẹ̀ láìsí ẹni tó rí wọn mọ́. Nínú àwọn 215 tó yege, oògùn nìkan ló wo 102 sàn. Àwọn 113 tó kù lo oògùn, wọ́n sì tún ṣe iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn òṣìṣẹ́ náà tún wá àwọn aláìsàn lọ sí ilé wọn. Wọ́n rí 208, ẹni 3 péré ni àìsàn náà padà sí lára.

Àmọ́ ibi tó kan wa jù nìyí. Wọ́n wo bí egbò kálukú ṣe tóbi tó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Àwọn tí tiwọn kò tó sẹ̀ǹtímítà 5, tí kò ju gígùn àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ, ẹni 17 nínú 100 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Àwọn tí tiwọn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn ọwọ́ àgbàlagbà láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ẹni 73 nínú 100 ni ọ̀bẹ kàn.

Oògùn kan náà ni wọ́n lò. Dókítà kan náà ni. Ibùsùn kan náà ni. Bí egbò ṣe tóbi tó nígbà tí wọ́n dé ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Àìtètè mólè ni olè fi ń mólóko, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Láti 2005 sí 2011, aláìsàn 1,227 tí àyẹ̀wò fi hàn dájú pé egbò Buruli ló ń ṣe wọ́n ni ilé ìwòsàn náà tọ́jú, ìwé ìwádìí lórí wọn sì jáde ní 2014. Òmíràn tún jáde lẹ́yìn rẹ̀ nípa àwọn aláìsàn tó wá láti Nàìjíríà, pàápàá ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìyẹn kò ya àwọn tó mọ ilẹ̀ náà lẹ́nu. Àwọn ẹbí kan náà ló wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà. Ọjà tí wọ́n jọ ń ná ni ìròyìn ilé ìwòsàn fi ń rìn.

Abẹ́rẹ́ di oògùn oníhóró

Abẹ́rẹ́ streptomycin ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù méjì. Ó lè ba etí jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, gígún abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ 56 ń béèrè pé kí aláìsàn wà nítòsí ẹni tó lè gún un, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ní láti kó wá sí Pobè.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé ìwádìí mìíràn kalẹ̀ ní Gánà àti ní Pobè láti 2013 sí 2017. Wọ́n fún àwọn kan ní rifampicin pẹ̀lú abẹ́rẹ́, wọ́n fún àwọn mìíràn ní rifampicin pẹ̀lú oògùn oníhóró clarithromycin. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Láàárín ọdún kan, nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́, 144 nínú 151 ni egbò wọn san. Nínú àwọn tó lo hóró nìkan, 140 nínú 146 ni. Kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà. Oògùn oníhóró méjèèjì yìí ni WHO ń gbà àwọn orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn láti máa lò báyìí, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bákan náà, ọ̀fẹ́ sì ni ó ń fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ará Kpoulou. Ẹni tí tirẹ̀ ṣì kéré, tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé òun ló jẹ́, kò nílò láti fi oko sílẹ̀ fún oṣù méjì mọ́. Ó lè máa gbé oògùn rẹ̀ mì níṣojú nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí ilé rẹ̀. Èyí tó ti tóbi nìkan ló máa ń gba pé kéèyàn sùn sí Pobè.

Kí ló ń dá wọn dúró sílé?

Àìdunni ni ohun àkọ́kọ́, a ti sọ ìyẹn. Ẹ̀kejì ni èrò pé ẹnìkan ló fi í ránṣẹ́. Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí ní gúúsù Benin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àsàsí tàbí iṣẹ́ àjẹ́ ló ń fa egbò yìí. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ wádìí ọ̀tá, tí kò tíì lọ sí ilé ìwòsàn, egbò rẹ̀ kò ní dúró dè é. Ẹ lè ṣe ètùtù, ẹ lè gbàdúrà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ti rí ojú ibẹ̀ ná. Kí ẹnikẹ́ni má fi iná jó o, kí ẹnikẹ́ni má sì fi abẹ gé e nílé, nítorí ìyẹn ń jẹ́ kí ìdọ̀tí mìíràn wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni owó. Òótọ́ ni pé oògùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́únjẹ fún aláìsàn? Ta ni yóò jókòó tì í? Ta ni yóò bójú tó àwọn ọmọ tó kù nílé, ta ni yóò sì ta ọjà tó wà nílẹ̀ kó tó bàjẹ́? Ní Akonolinga, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ìwádìí tó jáde ní 2008 fi hàn pé ìnáwó àtijókòó ti aláìsàn ń tán àwọn ẹbí lókun débi pé wọ́n ń fi ẹni wọn sílẹ̀ nìkan sí ilé ìwòsàn. Àwọn aláìsàn mìíràn sì sá lọ kí ìtọ́jú wọn tó parí. Kì í ṣe ìwà ìkà ló fà á. Àpò ló gbẹ.

Nítorí náà, ẹni tó sọ pé òun kò lówó láti lọ ní kùtùkùtù, ó yẹ kó ṣe ìṣirò náà dáadáa. Owó ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn kékeré nígbà tí kókó ṣì kéré kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù mélòó kan lórí ibùsùn nígbà tí egbò bá ti gba gbogbo ojúgun. Oníṣòwò ló mọ̀ pé gbèsè tí a kò tètè san, èlé ń gorí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ohun kan tún wà tó ń lé àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú padà sílé. Ní àárín ìtọ́jú, egbò lè dà bí ẹni pé ó ń tóbi sí i, tàbí kí kókó tuntun yọ. Aláìsàn á ní oògùn kò ṣiṣẹ́. Nígbà púpọ̀, ìdà kejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Oògùn ti ń pa kòkòrò, májèlé ti ń dínkù, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ti rí ọ̀nà padà wá jà. Kí aláìsàn padà lọ sọ fún nọ́ọ̀sì, kó má sì dá oògùn dúró fúnra rẹ̀.

Ilé ìwòsàn kékeré ni ilẹ̀kùn

Ilé ìwòsàn Pobè lè dára títí, kò lè jáde lọ gbé ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mú wá. Ẹni tó máa kọ́kọ́ rí kókó náà ni ìyá tó ń wẹ ọmọ, olùkọ́ tó ń wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ nínú kíláàsì, aránṣọ tó ń wọn aṣọ, tàbí àwọn olùrànlọ́wọ́ ìlera tí abúlé yàn láàárín ara wọn. Lórílẹ̀-èdè Benin, irú àwọn olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ti darí ọ̀pọ̀ aláìsàn sí ilé ìwòsàn. Wọn kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ojúlé tí wọ́n ti ń fi aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn wọn ni nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fura, láti wẹ egbò, láti dì í dáadáa, àti láti rí i pé wọ́n gba díẹ̀ nínú omi ojú egbò tàbí inú kókó fún àyẹ̀wò. Ibi àyẹ̀wò ni wọ́n ti ń mọ̀ dájú bóyá òun ni tàbí òun kọ́, nítorí pé kì í ṣe gbogbo egbò tí kò tètè jiná ni Buruli.

Ìṣòro tuntun sì ti yọjú báyìí, ìṣòro tí àṣeyọrí fúnra rẹ̀ fà. Ní 2007, ó lé ní 1,200 èèyàn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n ní egbò Buruli ní gbogbo Benin. Nígbà tó fi máa di 2015, wọ́n ti dínkù sí nǹkan bí 300. Ó yẹ ká dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá ti ń dínkù, nọ́ọ̀sì tuntun tó dé abúlé lè má tíì rí i rí. Àwọn tó ń fún ni lówó á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibòmíràn. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ìlera á sinmi. Kòkòrò tó wà nínú omi kò tíì lọ síbì kankan ní tirẹ̀.

Àwọn ará abúlé ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí wọ́n ti rò lọ. Láti ìgbà tí àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà ti ṣe ìpàdé ní Bamako ní 1987, wọ́n ti gbà pé kí aráàlú máa kópa nínú àkóso ilé ìwòsàn kékeré àti owó oògùn tí wọ́n ń san níbẹ̀. Kódà kí ìpàdé náà tó wáyé, wọ́n ti ń dán irú ètò bẹ́ẹ̀ wò ní Pahou, lẹ́bàá Ouidah, lórílẹ̀-èdè Benin. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ aráàlú fi ń bá òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó ní ilé ìwòsàn. Ẹ bi ìgbìmọ̀ tiyín léèrè: ṣé nọ́ọ̀sì wa mọ egbò Buruli bó bá rí i? Ṣé aṣọ ìdìgbò wà nílẹ̀? Bí ọmọ bá nílò láti lọ sí Pobè ní àárín òjò, ta ni yóò gbé e, owó ta ni wọn yóò sì ná?

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe

Lójoojúmọ́, nígbà tí ẹ bá ń wẹ ọmọ, ẹ fọwọ́ pa apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yí ká. Bí ẹ bá bá kókó níbẹ̀, tàbí ojú ibi tó le, tàbí wíwú tí kò dunni, ẹ gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ má dúró dìgbà tó bá bẹ́.

Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀bá omi tàbí ní àbàtà, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù alápá gígùn. Bí nǹkan bá gé yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ wẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì bò ó. Bí kànga tó ní ìdérí tàbí ẹ̀rọ omi bá wà, ẹ máa pọn ti ibẹ̀ fún ìwẹ̀, kì í ṣe fún mímu nìkan.

Bí wọ́n bá ti fún yín lóògùn, ẹ lò ó pé ọjọ́ 56, bí egbò bá tilẹ̀ ti ń jiná. Bí egbò bá wà nítòsí oríkèé, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ká apá tàbí ẹsẹ̀ jọ nítorí pé ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ẹ máa nà án jẹ́jẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ti kọ́ yín. Ọ̀pọ̀ àwọn tí egbò wọn ti jiná ni apá wọn kò nà mọ́, torí pé ojú àpá ti fà á pọ̀.

Sí ẹ̀yin baálé, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti ẹ̀yin olórí ẹ̀sìn: ọ̀rọ̀ ẹnu yín ń dé ibi tí mọ́tò ilé ìwòsàn kò lè dé lásìkò òjò. Bí ẹ bá sọ ọ́ lọ́jà Ikpinlè, ó máa dé Kpoulou kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ sọ fún wọn pé àìsàn náà kì í ràn, pé kì í ṣe ìtìjú, pé oògùn rẹ̀ wà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá ti dàgbà, ẹbọ ni yóò máa gbà. Kókó tó tó ẹ̀pà lónìí, hóró oògùn ló kù fún un. Ẹ má jẹ́ kó dàgbà mọ́ ọmọ yín lára.